Ẹni Tó Ṣọ́ Ẹ̀yìn Náà Ṣiṣẹ́

Bí ẹ bá dé ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Ìkirè tàbí ní Apòmù lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ ní kí àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ dárúkọ agbábọ́ọ̀lù márùn-ún tí wọ́n fẹ́ràn jù, mo mọ ohun tí ẹ máa gbọ́. Ẹ máa gbọ́ Osimhen, ẹ máa gbọ́ Lookman, àwọn tí bàbá wọn sì ti sọ ìtàn fún á dárúkọ Rashidi Yẹkinni. Iwájú ni gbogbo wọn ti ń gbá a. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọmọ kan dárúkọ bákì. Bí ó bá sì dárúkọ rẹ̀, ó lè jẹ́ pé àṣìṣe kan tí bákì náà ṣe ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀.

Olùkọ́ ni mí ní Apòmù, èmi náà ni mo sì ń bójú tó bọ́ọ̀lù ní ilé ìwé wa. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ yẹ ìtàn agbábọ́ọ̀lù kan wò, kí n sì fi í ṣe àríwísí lórí ọ̀nà tí àwa fi ń ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Reuben Agboọlá ni orúkọ rẹ̀. Ó gbá ìdíje líìgì 90 fún ẹgbẹ́ Southampton, ó tún gbá 140 fún Sunderland, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú gbogbo ìdíje 230 yìí, kò gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo sáwọ̀n. Bí a bá fi òṣùwọ̀n ilé ìwòran bọ́ọ̀lù wa wọn ọkùnrin yìí, òdo ni a máa kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé òṣùwọ̀n náà ló kù díẹ̀ káàtó, kì í ṣe ọkùnrin náà.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 30, oṣù Karùn-ún, ọdún 1962. Nígbà náà, kò tíì pé ọdún méjì tí Nàìjíríà gba òmìnira, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló sì ń ré kọjá òkun lọ kàwé tàbí lọ wáṣẹ́. Àwọn òyìnbó mọ̀ ọ́n sí Reuben, ṣùgbọ́n Ọmọjọlá wà lára àwọn orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ láti mọ ohun tí àwọn orúkọ náà ń wí. Ọmọjọlá ń sọ pé ọmọ níye lórí ju ọlá lọ. Agboọlá ń sọ pé inú agbo ọlá ni ẹni náà ti jáde wá. Ìlú òyìnbó ni a ti bí ọmọ náà, ṣùgbọ́n àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ kò jẹ́ kí ó gbàgbé ẹ̀yìn ilé.

Southampton jẹ́ ìlú èbúté kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni Agboọlá ti kọ́ iṣẹ́ bọ́ọ̀lù. Ó kọ́kọ́ bá àwọn àgbà ikọ̀ náà wọ pápá ní ọdún 1980, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 18. Àsìkò náà kò rọrùn fún agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní pápá ìṣeré púpọ̀, àwọn òǹwòran máa ń ké bí ọ̀bọ sí wọn, wọ́n á sì ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sí wọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tó wà níwájú tí wọ́n ń bú lè fi góòlù kan pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní irú èsì bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó dúró síbi tí wọ́n fi í sí, kí ó má jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ kúrò nínú ìdíje fún ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ọdún tó yẹ kí a fi ka ìtàn rẹ̀ dáadáa ni sáà 1983 sí 1984. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Lawrie McMenemy, fi í sí ipò kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní sweeper. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bá èdè wa mu: agbálẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Agbálẹ̀ yìí kò ní ẹnì kan pàtó tí ó ń tẹ̀ lé nínú àwọn alátakò. Ẹ̀yìn àwọn bákì yòókù ni ó máa ń wà. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, òun ni yóò gbá a kúrò. Bí ẹnìkan bá já wọ inú ilé wọn, òun ni yóò pàdé rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Peter Shilton, ẹni tó ń ṣọ́lé fún wọn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gbálẹ̀ ọgbà ilé ìwé láràárọ̀ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbá a, kò sẹ́ni tó máa dúró yìn yín. Lọ́jọ́ tí ẹ kò bá gbá a, àlejò tó wọlé nìkan kọ́ ni yóò rí i, ọ̀gá ilé ìwé náà yóò rí i.

Ní sáà yẹn, Southampton ṣe ipò kejì ní líìgì tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Liverpool tó gba ife ní ojúàmì 80, Southampton ní 77. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí ọdún náà ní Southampton ni góòlù kan tí Danny Wallace jẹ Liverpool ní oṣù Kẹta ọdún 1984. Ó dojú sókè, ó yí ẹsẹ̀ lójú ọ̀run, ó sì gbá bọ́ọ̀lù náà wọlé. Góòlù náà dára, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àwòrán rẹ̀ ṣì wà títí dòní, ọmọ tó bá rí i á fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ lórí iyanrìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àkọsílẹ̀ líìgì ọdún náà, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹjọ́ mi wà.

Nínú ìdíje 42, Southampton jẹ góòlù 66. Nottingham Forest jẹ 76. Manchester United jẹ 71. Kódà, góòlù Forest ju ti Liverpool tó gba ife lọ, nítorí pé 73 ni Liverpool jẹ. Bí ó bá jẹ́ pé góòlù nìkan ni a fi ń ka bọ́ọ̀lù, Forest ni ì bá wà lókè, Southampton ì bá sì wà lẹ́yìn United. Kí ló wá gbé Southampton síwájú àwọn méjèèjì? Ẹ wo ẹ̀yìn. Góòlù 45 ni wọ́n gbá wọlé Forest. Wọ́n gbá 41 wọlé United. Ti Southampton jẹ́ 38, ti Liverpool sì jẹ́ 32. Ní ìdíje 42, góòlù tó wọlé Southampton kò tó ẹyọ kan fún ìdíje kan. Àwọn tó ń gbá a níwájú ní Forest ṣiṣẹ́ ju àwọn ti Southampton lọ, síbẹ̀ ipò kẹta ni wọ́n ṣe. Ògiri tí kò bá lanu, alángbá kò ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri ni Southampton fi ṣe ipò kejì lọ́dún náà, Agboọlá sì wà lára àwọn tó mọ ògiri náà.

Àwọn kan á sọ fún mi pé, “Tíṣà, góòlù ni bọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá dúró lẹ́yìn títí di alẹ́, ẹ kò lè borí.” Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹgbẹ́ tí kò bá jẹ góòlù rárá kò lè borí, ọ̀mì ni yóò máa ta kiri. Mi ò sọ pé kí a dá orin àwọn atamátàsé dúró. Ohun tí mo ń sọ ni pé góòlù tí kò wọlé wa àti góòlù tí a jẹ, iye kan náà ni wọ́n ní nínú ìṣirò. Ẹni tó bá borí pẹ̀lú 2 sí 1, bí bákì rẹ̀ bá jẹ́ kí ẹyọ kan sí i wọlé, ọ̀mì ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ojú rí góòlù tí a jẹ, ojú kò sì rí èyí tí a dènà. Aríwísí tó bá ń ka ohun tí ojú rí nìkan, ìdajì ìwé ló kà.

Ó tún yẹ kí n sọ apá tí kò dùn, kí ẹ má bàa rò pé oríkì ni mo ń kì. Ní oṣù Kìíní ọdún 1985, Agboọlá kúrò ní Southampton lọ sí Sunderland, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìparí sáà tí ó dé yẹn gan-an, Sunderland já kúrò ní ìpele kìíní sí ìpele kejì. Ní 1987, wọ́n tún já sí ìpele kẹta. Bákì tó bá wà nínú ẹgbẹ́ tó já lẹ́ẹ̀mejì kò lè sọ pé ọwọ́ òun mọ́ pátápátá, nítorí pé bí a bá ń yìn ín fún góòlù tí kò wọlé, àwa náà ní láti ka èyí tó wọlé sí i lọ́rùn. Bí a bá fẹ́ yìn ènìyàn ní òtítọ́, a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ bo ojú kan.

Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ wò. Ó dúró. Ní 1988, Sunderland gba ife ìpele kẹta pẹ̀lú ojúàmì 93, wọ́n padà sí ìpele kejì. Ní 1990, wọ́n pàdánù ìdíje àṣekágbá tí wọ́n bá Swindon gbá láti gòkè, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìyà jẹ Swindon nítorí ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ṣe mọ́kumọ̀ku, Sunderland ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀ ní ìpele kìíní. Ọkùnrin tó bá wọn sọ̀kalẹ̀ ní ìgbà méjì ló bá wọn gòkè ní ìgbà méjì. Nínú ìtàn atamátàsé, a sábà máa ń gbọ́ pé ó kúrò lọ sí ẹgbẹ́ tó tóbi jù nígbà tí nǹkan kò dára. Ìtàn tí a ń kà níhìn-ín yàtọ̀. Ibi tó ti bàjẹ́ ni ó ti ṣe àtúnṣe.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí Clemens Westerhof jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Super Eagles, Nàìjíríà pè é, ó sì wá. Ó gbá ìdíje 9 fún orílẹ̀-èdè bàbá rẹ̀. Lónìí, ó ti di àṣà pé kí ọmọ tí a bí sí òkè òkun wọ aṣọ aláwọ̀ ewé. Nígbà náà, kò tíì di àṣà. Agboọlá wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó la ọ̀nà yẹn, ó sì ṣe é nígbà tí ó ti ń súnmọ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún, lẹ́yìn tí ó ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ nínú òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí léraléra ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù: ṣé ọmọ wa ni irú wọn? Wọ́n á ní kò lè sọ Yorùbá, kò mọ ọjà Apòmù, kò jẹ dòdò Ìkirè rí. Lójú tèmi, ẹnì kan lè jẹ́ ọmọ ilé nítorí pé inú ilé ni a bí i sí. Ó tún lè jẹ́ ọmọ ilé nítorí pé ó wá bá wa ṣọ́ ilé. Bákì tó gbé ara rẹ̀ dí ọ̀nà níwájú ilé Nàìjíríà ti dáhùn ìbéèrè náà kí a tó bi í. Bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ kí a bínú sí ẹni tó yan ibòmíràn. Àwọn òbí Fikayo Tomori jẹ́ Yorùbá, bákì gidi ni òun náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Semi Ajayi àti Ola Aina, tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù bíi ti Agboọlá, yan Nàìjíríà.

Ẹ rántí Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà tí wọ́n gbá ní Ivory Coast ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Nàìjíríà gbá ìdíje mẹ́rin tẹ̀ léra wọn láìjẹ́ pé góòlù kan wọlé wa: Ivory Coast, Guinea-Bissau, Cameroon àti Angola. Ajayi àti Aina wà lẹ́yìn níbẹ̀. William Troost-Ekong tí a bí ní ilẹ̀ Netherlands ni balógun, òun tó sì jẹ́ bákì ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú gbogbo ìdíje náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ Ivory Coast ni ife bọ́ sí ní àṣekágbá. Àwọn tó ń fúnni ní àmì ẹ̀yẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú ìwé kejì. Àwa tí a wà nílé ṣì ń lọ́ra.

Ibi tí ọ̀nà ìkàwé wa ti burú jù ni ibi àṣìṣe. Ẹ bi àwọn àgbàlagbà léèrè nípa Godwin Odiye, wọ́n á sọ ọjọ́ kan fún yín. Ọjọ́ 12, oṣù Kọkànlá, ọdún 1977 ni, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè ní Èkó. Nàìjíríà àti Tunisia ń du àyè láti lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Argentina. Bọ́ọ̀lù kan wá, Odiye fi orí kàn án, ó fẹ́ gbé e kúrò, bọ́ọ̀lù náà sì wọ ilé ara wọn. Ẹyọ kan sí òdo ló parí sí, Tunisia ló lọ. Ọdún tó ti lé ní ogójì kò tíì pa ìtàn náà rẹ́. Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun tí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù: lọ́jọ́ náà, nínú odidi ìdíje, góòlù mélòó ni àwọn iwájú wa jẹ? Òdo. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ ẹyọ kan péré, ọ̀mì ni ìdíje náà ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n a kò rántí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn fún òdo yẹn. Òdo ti bákì ni a ń pè ní àìṣiṣẹ́, òdo ti iwájú ni a ń pè ní oríburúkú.

Ní ibòmíràn, ó burú ju yẹ̀yẹ́ lọ. Andrés Escobar, bákì ilẹ̀ Colombia, gbá bọ́ọ̀lù sí ilé ara wọn nígbà tí wọ́n ń bá Amẹ́ríkà gbá ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1994. Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí wọ́n yìnbọn pa á ní ìlú rẹ̀, Medellín. Ọmọ ọdún 27 ni. Mi ò sọ pé àwa lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ahọ́n ló máa ń ṣáájú.

Mo ti rí bí ahọ́n ṣe ń ṣáájú. Nígbà kan tí ilé ìwé wa bá ilé ìwé kan láti Ìkirè gbá, bọ́ọ̀lù ta mọ́ orúnkún ọmọ kan tó ń wọ nọ́mbà 5 fún wa, ó sì wọ ilé wa. A pàdánù pẹ̀lú ẹyọ kan sí òdo. Kí a tó dé ilé, wọ́n ti sọ ọ́ ní orúkọ tí n kò ní kọ síhìn-ín. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi wá sí ilé ìwé. Màmá rẹ̀ ló wá bá mi. “Tíṣà,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò lọ síbi tí wọ́n ti ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.” Mo mú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo tẹ̀ lé màmá náà dé ilé wọn. Mo fi han ọmọ náà pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni ó gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ àwọn alátakò lọ́jọ́ yẹn, pé ẹ̀ẹ̀mejì péré sì ni àwọn iwájú wa gbá bọ́ọ̀lù sí ọ̀nà ilé wọn. Ó wo ìwé náà títí. Ó padà wá sí ilé ìwé ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ó ní iwájú ni òun fẹ́ máa gbá láti ìsinsìnyí lọ.

Ohun tó wà nílẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọmọ náà kò ṣe àìdáa, ó gbọ́n ni. Ó ti rí i pé níwájú, ẹni tó bá ta mẹ́sàn-án nù tó jẹ ẹyọ kan, wọ́n á gbé e lé èjìká. Lẹ́yìn, ẹni tó gba mẹ́rìnlá tó ta ẹyọ kan nù, wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ. Ta ni yóò wá yan ẹ̀yìn? Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, kò sí ọmọ tó ń fẹ́ wọ nọ́mbà 5 ní ilé ìwé wa láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ́ tí kò bá rí ẹni tó fẹ́ ṣọ́ ẹ̀yìn, kò sí iye góòlù tó lè gbà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti pápá bọ́ọ̀lù nìkan. Ìlú wa Apòmù mọ ohun tí ilé láìsí olùṣọ́ ń dà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà Apòmù jẹ́ ọjà ńlá tí àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Àwọn ajínigbé bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn oníṣòwò ní ọjà náà, wọ́n ń tà wọ́n lẹ́rú. Ìjà tó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ wà lára ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀. Òwu tú, àwọn ọmọ rẹ̀ fọ́n ká, ọ̀pọ̀ nínú wọn dé Abẹ́òkúta. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wo òwe náà dáadáa. Kò sọ pé àgbà gbé nǹkan kan, kò sọ pé ó tà, kò sọ pé ó rà. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ nítorí pé ó wà níbẹ̀ ni òwe náà fi yìn ín. Àwọn baba wa mọ bí a ṣe ń ka iṣẹ́ bákì kí a tó mọ bọ́ọ̀lù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá tó jí lóru wo ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, tí ilẹ̀ fi mọ́ tí ọmọ náà jí tó ní òun fẹ́ jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ tó rí i pé ọmọ kan kò ríran dáadáa, tó gbé e wá sí ìjókòó iwájú kí ó tó fìdí rẹmi. Ní ọjọ́ àmì ẹ̀yẹ ilé ìwé, ọmọ tó ṣe ipò kìíní ni a máa ń pàtẹ́wọ́ fún, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù kúrò níwájú ilé ọmọ náà fún ọdún méjìlá wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ètò.

Nítorí náà, mo ní ohun mẹ́ta láti bẹ̀ yín. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ ìtàn ẹnikẹ́ni, ẹ má ṣe dúró lórí “kí ló ṣe?” Ẹ tún béèrè pé “kí ni kò ṣẹlẹ̀ nítorí pé ó wà níbẹ̀?” Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń bójú tó eré ìdárayá, ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀. Ẹ ka iye ìgbà tí bákì gba bọ́ọ̀lù, ẹ sì kà á sókè níwájú gbogbo ọmọ lẹ́yìn ìdíje, bí ẹ ṣe ń ka góòlù. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá dé láti pápá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ́ “góòlù mélòó lo jẹ?” Ẹ bi í pé ibo ni ó dúró sí, àti ta ni ó dènà.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Reuben Ọmọjọlá Agboọlá fi ojú ṣọ́ ilé Southampton, ó ṣọ́ ilé Sunderland nígbà tó ń wó àti nígbà tó ń dìde, ó sì wá ṣọ́ ilé bàbá rẹ̀ fún ìdíje 9. Kò jẹ góòlù kan nínú ìdíje líìgì 230 yẹn. Ẹ jẹ́ kí a kọ òdo náà sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí a sì kọ góòlù 38 ti sáà 1983 sí 1984 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá ń kà á lè rí i pé ẹni tó ṣọ́ ẹ̀yìn náà ṣiṣẹ́.